Òróró Lójú Jannah

Ẹṣin kan ṣoṣo ni Ammar ní, abo ẹṣin Lárúbáwá kan tó funfun bí ẹfun. Jannah lorúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn Castle Green, nílùú òyìnbó, ló ń so ó sí, nínú ilé onípákó kan létí pápá, níbi tí ariwo ọkọ̀ orí títì A13 kì í ti í dákẹ́. Jannah ò ka ariwo náà sí. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ Moṣọpẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà, á gbé etí sókè, á na ọrùn jáde, á sì máa fi imú wá àpò ẹ̀wù ọmọbìnrin náà títí yóò fi rí káróòtì.

Iṣẹ́ Moṣọpẹ́ ni láti máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ní Becontree. Ìyàwó Ammar wà lára àwọn tó tọ́jú, títí Ọlọ́run fi pe ìyá náà sílé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ammar ní orúnkún òun ò gbé òun dé pápá mọ́, ṣé Moṣọpẹ́ lè bá òun bu omi fún ẹṣin? Omi bíbù di oúnjẹ fífún, oúnjẹ di irun yíyà, nígbà tó sì yá, Moṣọpẹ́ ti ń fa Jannah káàkiri pápá láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń kọ́ ọ bí ẹṣin ṣe ń dúró níwájú adájọ́: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, ọrùn nínà, etí síwájú. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ọmọ náà ò lọ́kọ, kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀, àwọn tó sì ń tọ́jú kì í pẹ́ kú. Jannah nìkan ló máa ń bá níbi tó fi í sí.

Nígbà tí òtútù rọlẹ̀, àwọn ọmọ Ammar ní kí bàbá wọn wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Leicester, kó ta ẹṣin. Ẹni tó fẹ́ rà á ti wà nílẹ̀: Sístà Magdalene, tó ń so ẹṣin mọ́ pápá kan náà, tó sì ń wá ẹṣin tó dáa ju èyí tí Eden ọmọ rẹ̀ ní lọ. Ammar pe Moṣọpẹ́ jókòó.

“Ọ̀dọ̀ rẹ lọkàn mi wà,” ló wí. “Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ní ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì ò lè lẹ́ṣin. Jẹ́ kí àwọn adájọ́ bá wa parí ẹ̀. Fa Jannah wọ ìdíje ẹṣin Lárúbáwá tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Dagenham. Bó bá wà nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, tìẹ ni, tòun ti ìwé ẹ̀ àti ìjánu ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, mo tà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ.”

Moṣọpẹ́ sunkún ayọ̀ dé ibùdókọ̀. Nígbà tó sọ fún ìyá ẹ̀ nílé, ìyá náà gbọ́wọ́ sókè, kò wulẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń fún ẹṣin lóúnjẹ.

Gbogbo ìjọ Aládùúrà tó ń pàdé lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Abbey ló mọ ìyá yìí, òróró rẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Òróró ólífì ni. Á kán lọ́fínńdà díẹ̀ sí i, á gbé e síwájú pẹpẹ, á gbààwẹ̀ lé e lórí. Aboyún tí ẹ̀rù ń bà, ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, ẹni tó ń lọ rojọ́ ìwé ìgbélùú, òróró náà ti kan iwájú orí gbogbo wọn. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló ń ṣe nílé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ sì le bíi páànù, ṣùgbọ́n bó bá gbé e lé èèyàn lórí, onítọ̀hún á rò pé ọmọdé lòun padà dà.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ìdíje náà, Sístà Magdalene pe àwọn tó ń so ẹṣin mọ́ pápá jọ láti ka òfin fún wọn, nítorí òun ni akọ̀wé wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti ìyá Moṣọpẹ́ ń lọ. Ó ní ilé tó ń fi háyà ní Becontree, ó ní mọ́tò gíga kan tó ń dán, ẹ̀rín kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó wá kò pọ̀: Moṣọpẹ́, Eden, àti Seth, òyìnbó kan tó ní ẹṣin kúkúrú tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òun. Wọ́n jókòó lórí koríko gbígbẹ, wọ́n ń mu tíì.

“Moṣọpẹ́ mi,” ni Sístà Magdalene wí, “mi ò fẹ́ kójú tì ẹ́ lọ́jọ́ náà. Abala tó o fẹ́ wọ̀, ti àwọn tí kì í fi ẹṣin jẹun ni. Ṣé Ammar ò máa ń sanwó fún ẹ?”

“Rárá, mà.”

“Kò fún ẹ ní nǹkan kan rí? Nígbà ọdún ńkọ́?”

“Dábínù ni, mà. Páálí kan.”

Eden bú sẹ́rìn-ín. “Mummy, abeg. Dábínù kì í ṣe owó oṣù.”

“Mò ń bi í ni, Eden. Ìwé ẹṣin náà ńkọ́? Ẹṣin tí wọn ò bá mọ bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀, ẹṣin lásán ni lójú wọn, kò sí bó ṣe lè rẹwà tó.”

Moṣọpẹ́ fa páásípọ́ọ̀tù Jannah yọ nínú báàgì. “Ó wà níbí, mà. Bàbá ẹ̀ rèé, ìyá ẹ̀ rèé, àti ìyá ìyá ẹ̀.”

“Páásípọ́ọ̀tù! Ẹ̀yin èèyàn, ẹṣin ti ní páásípọ́ọ̀tù. Ìwọ tó ń fà á ńkọ́, tìẹ ti jáde?”

Ó fi òyìnbó túmọ̀ ẹ̀ fún Seth kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Seth rẹ́rìn-ín. Moṣọpẹ́ náà rẹ́rìn-ín, nítorí àgbà ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì gbóná. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì jáde. Àdúrà ni wọ́n ń bá a gbà sí i.

“Irun imú ẹṣin náà, o ò fá a? Wọ́n ti fòfin dè é.”

“Mi ò fá a, mà.”

“Ó kù kan, etí gbogbo yín ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ èyí.” Ó gbé ìwé òfin náà súnmọ́ ojú. “Òróró, ọ̀rá, tàbí ọ̀dà kankan ò gbọdọ̀ sí lójú ẹṣin. Àwọn kan máa ń fi í pa yípo ojú àti imú kó lè máa dán, kí ojú ẹ̀ lè tóbi lójú adájọ́. Wọ́n á fi aṣọ funfun nù ún lẹ́nu ọ̀nà. Bí nǹkan bá yọ, ẹṣin náà ò wọlé nìyẹn, ẹni tó sì fi sí i ò ní fa ẹṣin wọ ìdíje kankan fún ọdún kan. O gbọ́, Moṣọpẹ́?”

“Mo gbọ́, mà. Omi àti ọṣẹ ni mò ń lò.”

Sístà Magdalene pa ìwé dé. Kò síbi tó fọwọ́ kàn tí ọmọ náà ò ti múra sílẹ̀. Ó wo Jannah, tó ń jẹun jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wọn, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Màmá ńkọ́? Wọn ò ní wá wò ẹ́?”

“Wọ́n níṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mà. Bọ́ọ̀sì ò sì dé ibẹ̀.”

“Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ọjọ́ ayọ̀ ọmọ, ṣé ìyá ń gbélé ni?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, Sístà Magdalene kúnlẹ̀ níwájú ìyá Moṣọpẹ́ pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀.

“Màmá wa, ẹ kú àdúrà.”

“Magdalene, ọmọ mi, dìde, ilẹ̀ tutù.”

“Ìdíje Moṣọpẹ́ ni mo bá wá, mà. Ẹ gbààyè níbi iṣẹ́. Èmi ni màá wá gbé yín.”

“Háà! Ṣé wọ́n á jẹ́ kí arúgbó bíi tèmi wọlé síbi tí àwọn òyìnbó wà?”

“Ta ló tó bẹ́ẹ̀! Ẹ gbé òróró yín dání, Màmá. Ogun lọmọ yín ń lọ.”

“Sí ẹṣin lára? Ṣé kò lòdì sí òfin wọn?”

“Ṣé àdúrà ló máa wá lòdì, Màmá?”

Ojú ìyá náà kún fún omi. “Ọlọ́run ò ní gbàgbé ìwọ náà. Ẹni tó bá rántí ọmọ ọlọ́mọ, Ọlọ́run á rántí tiẹ̀.”

“Àmín, mà. Ẹ má sọ fún un o. Ẹ jẹ́ ká fi dá a lára yá.”

Ọjọ́ pé. Pápá ńlá kan lẹ́yìn Dagenham ni wọ́n fi ọgbà igi funfun yí ká. Koríko rẹ̀ ti di gígé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òórùn ẹ̀ kiri. Seth ló fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé Jannah wá. Moṣọpẹ́ ti wẹ̀ ẹ́ fínnífínní, ìrù ẹ̀ ń fò bí òwú. Ammar jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ọ̀pá rẹ̀ láàárín orúnkún.

Mọ́tò gíga náà dúró. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ẹ̀ ṣí, tí Moṣọpẹ́ rí gèlè ìyá ẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó sáré, ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ó dìde, ó dì mọ́ ìyá ẹ̀.

“Mọ́mì! Ta ló gbé yín wá?”

“Ẹni tí Ọlọ́run lò,” ni ìyá wí, ó sì fọwọ́ hàn án.

Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀ fún Sístà Magdalene náà. “Ẹ ṣé gan-an, mà. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo máa sọ.”

“Má sọ nǹkan kan. Lọ pààrọ̀ aṣọ, kó o gba nọ́ńbà ẹ. Èmi àti Màmá á bá ẹ di ẹṣin mú.”

Moṣọpẹ́ fi okùn Jannah lé ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sáré lọ. Kò kì í nílọ̀ nípa òróró. Láyé rẹ̀, èèyàn lòun mọ̀ tí ìyá òun ń ta òróró sí lórí.

Ìyá náà ò súnmọ́ ẹṣin rí láyé ẹ̀. Jannah na ọrùn, ó gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì gbé àgbọ̀n lé e léjìká.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ó jọ pé ó mọ̀ mí.”

“Òórùn ọmọ yín ló gbọ́ lára yín,” ni Sístà Magdalene wí. “Ẹ ṣe é kíá, mà, kí wọ́n tó pè wọ́n.”

Ìyá ṣí ìgò. Ó fi ìka kan ṣe àmì àgbélébùú sí iwájú orí ẹṣin náà, ó sì fẹ́ dé ìgò padà.

“Ṣé ó parí nìyẹn, Màmá? Ojú ni wọ́n máa wò o.”

“Ojú?”

“Yípo ojú méjèèjì. Imú náà. Ẹ má ṣahun òróró sọ́mọ yín.”

Nígbà náà ni ìyá náà da òróró sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi pa yípo ojú Jannah, ó fi pa imú rẹ̀ dé ètè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń para fún ìkókó. Jannah dìjú. Sístà Magdalene dúró sí ọ̀ọ́kán, kò fọwọ́ kan ẹṣin náà rárá.

“Gbogbo ojú tó bá wò ọ́ lónìí, fún rere ni kó fi wò ọ́,” ni ìyá gbàdúrà.

“Àmín.”

“Ẹnu tó bá máa dájọ́ rẹ, ojúrere ni kó fi dájọ́.”

“Àmín, Màmá.”

“Ọ̀tá tó bá fara sin, tó ń bá wa rẹ́rìn-ín, kí Olúwa tú u fó.”

“Àmín,” ni Sístà Magdalene wí. Ohùn rẹ̀ ò yẹ̀.

Moṣọpẹ́ padà dé nínú aṣọ funfun àti ṣòkòtò dúdú, nọ́ńbà lẹ́yìn. Wọ́n ti ń pe abala rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó gba okùn, kò wo ojú ẹṣin náà, ọ̀nà ló ń wò. Lẹ́nu ọ̀nà, òyìnbó obìnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé kí i dáadáa, ó fa aṣọ funfun yọ, ó fi nu iwájú orí Jannah. Ó dúró. Ó fi nu yípo ojú ọ̀tún, ó fi nu imú. Ó wá tẹ́ aṣọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ fún Moṣọpẹ́ láti rí. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń dán.

“Kí lèyí?”

Kí ọmọ náà tó fèsì, òórùn lọ́fínńdà náà ti dé imú rẹ̀. Ó mọ òórùn yẹn. Òun ni wọ́n fi kàn án lórí lọ́jọ́ tó ṣèdánwò àṣejáde, òun ni wọ́n fi kàn án lórí ní pápá ọkọ̀ òfurufú n'Íkẹjà. Ó yíjú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ìyá ẹ̀ dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dìjú, ètè rẹ̀ ń lọ.

“Ẹṣin yìí ò lè wọlé,” ni obìnrin náà wí, kò pariwo. “Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó fi nǹkan sí i. Bí kì í bá ṣe ìwọ, fi onítọ̀hún hàn mí. Màá pè é wá síbí kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀.”

Ìyá ẹ̀ lajú, ó rí i pé ọmọ òun ń wo òun, ó sì juwọ́ sí i. Gbogbo eyín rẹ̀ ló yọ síta.

“Èmi ni,” ni Moṣọpẹ́ wí.

“Ṣé o mọ òfin?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ọdún kan nìyẹn. Má bínú.”

Lẹ́yìn wọn gan-an ni Sístà Magdalene àti Eden wà pẹ̀lú ẹṣin tiwọn. “Háà! Moṣọpẹ́!” Sístà Magdalene kígbe, ó fi Yorùbá kígbe, ó sì tún fi òyìnbó sọ ọ́ kí gbogbo ẹni tó wà nítòsí lè gbọ́. “Ìwọ tí mo ka òfin sí létí! Òróró, lójú ẹṣin! Ọmọ ìjọ wa tún ni!” Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó dé etí ìyá náà lókèèrè.

“Mum,” ni Eden wí, ó dojú bolẹ̀. “Allow it, ẹ fi í sílẹ̀.” Ó fa ẹṣin tiẹ̀ kọjá lára wọn, ó wọlé. Ipò kejì ló gbà.

Ammar ti fọ̀pá rìn débẹ̀. “Ìwọ lo fi sí i?”

Moṣọpẹ́ rí ìyá ẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bàbá náà, tó ń gbé ẹsẹ̀ kánmọ́kánmọ́ nínú koríko. Bó bá sọ òtítọ́ fún bàbá náà, ìyá ẹ̀ á gbọ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bàbá náà wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí wọ́n bá ọwọ́ ẹ̀ nínú àpò ẹni. “Gbogbo ìgbà tó o fi ń wọlé wá tọ́jú ìyàwó mi,” ló wí, “mi ò ti ìlẹ̀kùn yàrá kankan mọ́ ẹ rí.” Ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ.” Ó sì fi okùn náà lé Sístà Magdalene lọ́wọ́ níbẹ̀, níṣojú gbogbo wọn. Jannah na imú sí àpò ẹ̀wù Sístà Magdalene, ó wá a títí. Kò rí nǹkan.

“Kí ló dé?” Ìyá dé, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wọlé?”

“Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, Mọ́mì. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò dúró dáadáa.”

Ìyá lu itan pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Ẹsẹ̀! Ẹ wò ó, ẹ̀mí sọ ọ́ sí mi o. Ó yẹ kí n fi pa á lẹ́sẹ̀. Ojú ni Magdalene ní kí n mójú tó, ó ní kí n má ṣahun.”

“Kí lẹ sọ, Mọ́mì?”

“Ó ní ojú ni wọ́n máa wò. Kí n fi pa á yí ká. Ó bá mi ṣe àmín ẹ̀ náà, Ọlọ́run bù kún un. Ẹ̀bi mi ni. Mo gbàgbé ẹsẹ̀.”

Moṣọpẹ́ gbójú sókè. Láti òkè ẹ̀yìn Jannah, Sístà Magdalene ń wò ó. Kò gbójú kúrò. Moṣọpẹ́ ya ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe fẹ́ sọ ohun tí obìnrin yìí ṣe, kí ìyá ẹ̀ má gbọ́ pé òróró tòun, àdúrà tòun, ọwọ́ tòun gan-an ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun. Ọwọ́ yẹn kò ní lè gbéra sí orí ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Ó pa ẹnu dé.

Sístà Magdalene rí i bó ṣe pa á dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ máa bọ̀, Màmá, kí n gbé yín délé. Ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Sístà Magdalene ṣe ìdúpẹ́. Ó gbé ife tí Eden gbà síwájú pẹpẹ, ó sì gbé ìjánu Jannah lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjánu aláwọ pupa tí Moṣọpẹ́ máa ń fi aṣọ nù nírọ̀lẹ́. Irun funfun mélòó kan ṣì wà níbi ìdè rẹ̀.

“Ẹ̀yin ará,” ni Sístà Magdalene wí, “mo fẹ́ jẹ́rìí. Òróró Màmá wa yìí ń ṣiṣẹ́! Mo dúró tì wọ́n, ojú mi báyìí ni mo fi rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí ni mo fẹ́, tí mi ò rí gbà lọ́jọ́ yẹn?”

“Halelúyà!” ni ìjọ dáhùn.

“Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ta òróró sí nǹkan wọ̀nyí. Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

Inú ìyá Moṣọpẹ́ dùn dé ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ Sátidé ló ti ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi nítorí ẹsẹ̀ ẹṣin, ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọlá fún un. Ó dìde. “Moṣọpẹ́, wá bá mi di ìgò mú.”

Moṣọpẹ́ rìn lọ síwájú, ẹsẹ̀ lásán, nínú sùtánà funfun rẹ̀. Ó di ìgò mú. Ìyá ẹ̀ tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó kan ife, ó kan ìjánu náà láti orí dé ìdè, ó ní kí ẹṣin náà pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní in, kó má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ọ̀tá má gbà á. Lẹ́yìn gbolóhùn kọ̀ọ̀kan, ìjọ ń ṣe àmín.

“Moṣọpẹ́,” ni Sístà Magdalene pè é, pẹ̀lú ẹ̀rín, “mi ò gbọ́ àmín tìẹ.”

Gbogbo ojú yí sí i. Ojú ìyá ẹ̀ náà.

“Àmín, mà.”

Òróró ti ṣàn láti ẹnu ìgò sí i lọ́wọ́. Kò mọ ìgbà tó fi nu ọwọ́ náà mọ́ sùtánà. Nígbà tó bojú wolẹ̀, ó rí ibi tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára aṣọ funfun náà, tó ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ ha á kíkankíkan.

Ìyá ẹ̀ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má nù ún,” ló wí sí i létí. “Ìbùkún ni.”